Kí Ẹ Tó Náwó Lé Ẹ̀rọ Orin

  

Lẹ́tà mẹ́ta ni ó dé ọ̀dọ̀ wa láàárín oṣù méjì lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn lè rò pé kò kan àlùfáà. Àwọn tí ó kọ lẹ́tà náà fẹ́ ra ẹ̀rọ orin tí ó jọjú sí pálọ̀ wọn. Kì í ṣe èyí tí ń pariwo fún àwọn àlejò níbi àríyá ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe èyí tí wọn yóò jókòó tì ní alẹ́, tí wọn yóò sì gbọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá bí ẹni pé ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn. Wọ́n bèèrè bí a ṣe í yan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí owó má baà ṣòfò. Ìbéèrè náà kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí láti ìgbà tí a ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni wọ́n ti fi wá sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìsìn, a kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní àjò kò sì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ orin. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń gbọ́ èdè yín ní ilé nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń sọ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ owó ni kí á kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ orin tí ó jọjú ni ó ń ti òkè òkun wá, láti Japan, láti Ṣáínà, láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Jámánì àti Amẹ́ríkà, iye dọ́là ni ó sì ń sọ iye tí a óò rà wọ́n níbí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,400 kí ọdún 2024 tó parí. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè tu owó jọ fún oṣù díẹ̀ kí ó fi rà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ènìyàn ń fi owó ìfẹ̀yìntì rà.

Tọkọtaya kan wá bá wa ní ilé àlùfáà nítorí ọ̀ràn yìí gan-an. A kì yóò dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí á pè wọ́n ní Bàbá Ṣadé àti Ìyá Ṣadé. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, ó sì fẹ́ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ fún ẹ̀rọ orin.

Ìyá Ṣadé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Fadá, ẹ bá mi bi wọ́n. Òrùlé ilé wa ní abúlé ń jò, àbíkẹ́yìn wa ṣì wà ní yunifásítì. Ṣé orin ni a óò fi kan òrùlé ni?”

Bàbá Ṣadé ní, “Fadá, ọdún márùndínlógójì ni mo fi sin ìjọba. Owó ilé ìwé ni mo san, aṣọ ọmọ ni mo rà, mo sì sin òbí tèmi, mo sin tiwọn. Ẹ wá sọ ohun kan fún mi tí mo rà fún ara mi.”

Ará, a kò rí ẹni tí a lè dá lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì. Òrùlé tí ń jò kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí ó ti ń gbé ẹrù ilé láti ọdún pípẹ́ náà kò dẹ́ṣẹ̀ bí ó bá fẹ́ jókòó kí ó gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni a ti rí i pé ewu wà. Níbo ni ẹ ti gbọ́ ọ, Bàbá? Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó. Fún ìṣẹ́jú mélòó? Bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Orin ta ni wọ́n fi sí i? Orin òyìnbó kan tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà ní lọ́wọ́, wọn kò mọ olórin náà. Èwo ni wọ́n tún gbọ́ tí wọ́n fi wé e? Wọn kò gbọ́ òmíràn. A rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti yan bàtà, kí á má tíì sọ ohun tí a fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rà.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í fi etí elétí ra ẹ̀rọ orin. Orin tí oníṣọ́ọ̀bù bá fi sí i, ó ti yàn án nítorí pé ó ń mú ẹ̀rọ rẹ̀ dùn ni, òwò rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ẹ gbé orin tiyín dání. Ẹ mú èyí tí ẹ mọ̀ dénú, tí ẹ mọ ibi tí olórin ti ń mí, tí ẹ mọ ìgbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé. Bí ó bá wà lórí sídíì, ẹ gbé e lọ. Bí ó bá sì wà nínú fóònù, ẹ fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ dípò Bluetooth, nítorí Bluetooth a máa fún orin pọ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa sọnù. Orin kan náà ni kí ẹ fi dán gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ bá yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ orin bí ẹ ti ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kò ní mọ èyí tí ẹ fẹ́ràn nínú àwọn méjèèjì.

Àwa a máa fi ìyáàlù dùndún dán sípíkà wò, a kò sì tíì rí ohun tí ó dára jù ú lọ. Gbogbo yín ni ó mọ̀ pé ìlù náà ń sọ̀rọ̀: ó ní ohùn òkè, ó ní ohùn àárín, ó ní ohùn ìsàlẹ̀, ó sì ń yọ̀ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn. Sípíkà tí a kò ṣe dáadáa a máa ní ibi kan nínú ohùn ìsàlẹ̀ tí àpótí rẹ̀ ti ń gbọ̀n ju ibi yòókù lọ. Ohùn yòówù tí ó bá bọ́ sí itòsí ibẹ̀, ìró kan ṣoṣo ni àpótí náà ń fọ̀: gbùn, gbùn, gbùn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ní, “Básì yìí mà dára o!” Ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ìlù ń wí yóò mọ̀ pé wọ́n ti sọ onílù di odi. Nítorí náà, ẹ má ṣe bèèrè bí básì ṣe pọ̀ tó. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìlù náà títí dé òpin gbólóhùn, nígbà tí gìtá àti àwọn omele ń lọ lábẹ́ rẹ̀.

Fún ohùn òkè, ẹ gbọ́ ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “sá” àti “ṣá” wà lókè lọ́hùn-ún nínú ìró náà. Bí sípíkà bá ń mú kí àwọn méjèèjì fẹ́ jọ ara wọn, ohùn òkè rẹ̀ kò mọ́. Bí gbogbo “s” bá sì ń gún yín létí bí abẹ́rẹ́, kò mọ́ náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù yóò sọ fún yín pé èyí ni ó ń jẹ́ kí ó ta ṣánṣán.

Ẹ má sì dá ẹ̀rọ lẹ́bi lórí ohun tí àwo kò ní. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti ìjọ Áńgílíkà kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, iná mànàmáná kò tíì wọ inú iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀. Ẹnu fèrè ńlá kan ni olórin ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́ tí ń fín ìlà sára àwo. Ẹ̀rọ olówó gọbọi kò lè fi ohun tí fèrè náà kò gbà kún un. Kódà, bí ẹ̀rọ bá ti dára tó ni ẹ óò ṣe máa gbọ́ ariwo ara àwo ògbólógbòó tó. Bí ó bá jẹ́ pé kìkì àwo àtijọ́ ni ẹ ní, ẹ̀rọ tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó fún yín.

A fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ẹ̀tàn kan tí etí ń tan ènìyàn, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tẹ ìwádìí jáde lórí bí etí ṣe ń wọn ìró. Wọ́n fi hàn pé nígbà tí ìró bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ohùn àárín. Bí a bá sì ti ń gbé ìró náà sókè ni ohùn ìsàlẹ̀ ń kún sí i létí wa. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ọjà. Bí ẹ̀rọ méjì bá jẹ́ ìkan náà, tí wọ́n sì yí ti ẹ̀kejì sókè díẹ̀, ẹ kò ní sọ pé ó pariwo ju èkíní lọ. Ẹ óò sọ pé ó kún, pé ó mọ́, pé ó ní ẹ̀mí. Oníṣọ́ọ̀bù tí ó bá fẹ́ ta èyí tí ó wọ́n kò nílò láti purọ́ kankan, ó kàn máa fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì ni.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Láti ọdún 1915 títí di bí ọdún 1925 ni ilé iṣẹ́ Thomas Edison ń gbé olórin àti ẹ̀rọ orin rẹ̀ káàkiri àwọn ìlú Amẹ́ríkà. Wọn a ní kí olórin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọn a pa iná, àwọn ènìyàn a sì máa gbìyànjú láti mọ̀ bóyá olórin ni ó ń kọrin tàbí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ni kò lè sọ, ìwé ìròyìn sì gbé e jáde. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ tí ń lo fèrè láìsí iná mànàmáná ni à ń wí! Àṣírí rẹ̀ ni pé àwọn olórin náà ti kọ́ láti mú ohùn wọn rẹlẹ̀ kí ó lè bá ti ẹ̀rọ dọ́gba. Wọn kò mú ẹ̀rọ sún mọ́ ènìyàn, ènìyàn ni wọ́n mú sún mọ́ ẹ̀rọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ méjì wéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìró àwọn méjèèjì dọ́gba; fóònù ọwọ́ yín lè ní ètò tí ń wọn ìró, bí kò tilẹ̀ pé bí irinṣẹ́ onímọ̀, ó tó fún ìfiwéra. Kí wọ́n pa bọ́tìnnì tí ń fi básì kún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ di ojú, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì láì sọ èyí tí ń dún. Àwa ti rí ẹni tí ó fi ìdánilójú yan èyí tí kò wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, tí ó wá la ojú rẹ̀, tí inú rẹ̀ kò sì dùn. Ojú ti fẹ́ràn èkejì.

Ọ̀rọ̀ kan nípa etí wa, àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọmọdé tí etí rẹ̀ pé a máa gbọ́ ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ èyí tí ó ju 14,000 lọ mọ́, ẹlòmíràn kò sì dé ibẹ̀ rárá. Orin kò bàjẹ́ nítorí bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí ohùn ènìyàn àti ìlù gbé wà rẹlẹ̀ sí ibẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má san owó kún owó nítorí ìwé tí ó ní ẹ̀rọ òun ń dún dé 40,000. Àdán lè gbọ́ ọ, àmọ́ àdán kọ́ ni yóò san owó náà.

Nísinsin yìí, kí á kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí á wọ pálọ̀, nítorí pálọ̀ ni ó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ sípíkà, bí kò tilẹ̀ ju ìdajì lọ. Ṣọ́ọ̀bù kún fún páálí, fóòmù àti aṣọ. Ìró tí ó bá kan wọ́n a máa kú síbẹ̀. Pálọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ńkọ́? Táìsì ni ilẹ̀ rẹ̀, ògiri rẹ̀ ṣófo, gíláàsì ni fèrèsé rẹ̀. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀ kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìró náà ń dáhùn bí ẹni pé inú agolo ni ẹ wà, kò sí sípíkà tí yóò dùn níbẹ̀ bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí iwájú sípíkà, ẹ ta kọ́tìnnì tí ó nípọn, ẹ gbé àpótí ìwé sí ara ògiri. Kí sípíkà méjèèjì má wọ kọ̀rọ̀, nítorí kọ̀rọ̀ a máa sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ariwo. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó bí mítà 7 láti ìgbì kan dé ìkejì, èyí tí ó ju gígùn pálọ̀ púpọ̀ nínú wa lọ; ìdí nìyẹn tí ó fi ń kó ara jọ sí igun ilé. Kí àyè tí ó wà láàárín sípíkà méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àyè tí ó wà láti ọ̀dọ̀ wọn dé ibi àga yín, kí ohùn òkè wọn sì wà ní ìbámu pẹ̀lú etí yín nígbà tí ẹ bá jókòó.

Nítorí náà ni a fi gba Bàbá Ṣadé níyànjú pé kí wọ́n wá oníṣọ́ọ̀bù tí yóò gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n fi owó díẹ̀ dúró. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ jókòó, wọ́n kọ iye tí àwọn kò ní kọjá sínú ìwé, ó sì jẹ́ ìdajì iye tí Bàbá ń rò tẹ́lẹ̀. Òrùlé gba ìdajì yòókù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wá a. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìdánwò nínú pálọ̀, Ìyá Ṣadé ni ó di ojú, Ìyá Ṣadé náà ni ó sì mọ ìyàtọ̀ nígbà gbogbo. Ó ní, “Èyí ń jẹ́ kí n gbọ́ bí àwọn obìnrin tí ń gbè é ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn kàn ń pariwo.” Etí obìnrin a máa pẹ́ kí ó tó sọ ohùn òkè nù ju ti ọkùnrin lọ, èyí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń dá lọ ra ẹ̀rọ kí ìyàwó má baà rí i, ẹ ti fi etí tí ó sàn jù sílẹ̀ ní ilé.

Ẹ óò rí àwọn àpótí kan ní ọjà tí wọ́n kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì sí lára pẹ̀lú lẹ́tà PMPO. Ẹ má kà á sí. Kò sí ìlànà kan pàtó tí ó de iye náà. Ohun tí ó wu ẹni tí ó ṣe páálí ni ó ń kọ síbẹ̀. RMS ni kí ẹ wá, èyí tí ẹ̀rọ lè máa gbé láìdáwọ́dúró. Wọ́ọ̀tì ìlọ́po méjì kì í ṣe ìró ìlọ́po méjì. Desibẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni ó fi kún un. Kí ìró tó dà bí ìlọ́po méjì létí yín, ẹ nílò bí ìlọ́po mẹ́wàá wọ́ọ̀tì náà. Nínú pálọ̀ lásán, wọ́ọ̀tì díẹ̀ ni a ń lò ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ tún wò ni óòmù tí a kọ sí ẹ̀yìn sípíkà: bí sípíkà bá jẹ́ óòmù 4, tí ẹ̀rọ tí yóò gbé e sì kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé óòmù 8 ni òun ń fẹ́, ẹ̀rọ náà yóò máa gbóná títí tí yóò fi jó. Ní ti wáyà olówó iyebíye, wáyà bàbà gidi tí ó nípọn díẹ̀ tó. Ẹ kàn ṣọ́ra fún èyí tí ó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà ra lára. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà.

Púpọ̀ nínú yín yóò ra tokunbọ̀, a kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì sàn ju ọ̀pọ̀ tuntun tí ó wà lórí àtẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ní ti iná. Iná wa níhìn-ín jẹ́ fóòtì 230, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan sì jẹ́ 100. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilé àwọn ará Japan, tí kò ní ibi tí a lè yí i sí, yóò jó ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tì í bọ iná tààrà. Ó nílò tiransifọ́mà tí ń mú iná wálẹ̀, kí ẹ sì ṣírò iye tiransifọ́mà náà mọ́ iye ẹ̀rọ kí ẹ tó nájà. Bí iná àdúgbò yín bá ń lọ sókè sódò, sítàbíláísà kì í ṣe ohun àṣejù.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ojú sípíkà. Ẹ óò rí òrùka kan yí etí páálí tí ń gbọ̀n náà ká. Bí òrùka náà bá jẹ́ fóòmù, ẹ rọra fi orí ìka tẹ̀ ẹ́. Fóòmù a máa jẹrà láàárín bí ọdún mẹ́wàá sí ogún, ooru àti ọ̀rinrin sì ń yá a; bí ó bá ń ya bí àkàrà ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé àtúnṣe ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Òrùka rọ́bà a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ó ń dún: bí ó bá ń ha bí iyanrìn lábẹ́ bàtà, eruku ti wọ inú rẹ̀. Ní apá Òkè Ọya níhìn-ín, ẹ̀rọ tí a kò bá fi aṣọ bò nígbà ọyẹ́ kò lè ṣàì ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé wẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dín owó rẹ̀ kù.

Ẹlòmíràn bèèrè bóyá kí òun lọ sí ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, nígbà tí òun bá lọ sí ilé ní ọdún Kérésì. Ọjà ńlá ni, ohun rere wà níbẹ̀, ayédèrú náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè ní gáréèjì kò lè fi sùúrù dán ẹ̀rọ wò, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Wọn yóò ní, “Ọ̀gá, ẹni kan ti san àsansílẹ̀ lórí eléyìí o, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń bọ̀.” Kí ó máa bọ̀. Bí ẹ bá sì dé ilé tí ẹ̀rọ kọ̀ tí kò dún, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko ni ó wà láàárín yín àti ẹni tí ó tà á. Ẹni tí yóò ra ohun olówó ńlá ní ìlú tí kò gbé, kí ó ní ará ilé kan níbẹ̀ tí yóò ti lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ṣáájú rẹ̀.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kí ó tó rà á, ó sì pa á láṣẹ kí olùtajà sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe. Bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún un, tí kò sì wúlò fún un, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà láàárín àsìkò tí ó bójú mu. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ “tuntun” tàbí “àlòkù” wà lórí rẹ̀. Olùtajà tí ó bá kọ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ kan yẹn ti dá yín lóhùn.

Ó ku ohun kan tí a fẹ́ sọ kí àkókò wa tó tán, nítorí ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà mẹ́ta náà mẹ́nu bà á. Arábìnrin náà ní kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí, ohùn bàbá rẹ̀ tí ó ti kú ni ó wà nínú rẹ̀, níbi tí ó ti ń súre fún un ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e lọ sí ọjà láti fi dán ẹ̀rọ wò, nítorí òun ni ohùn tí ó mọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin wa, ẹ má ṣe é. Bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ a máa rọ̀, rola rẹ̀ a máa lẹ̀, ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a sì máa fa téèpù jẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kásẹ́ẹ̀tì orin ni kí ẹ fi dán an wò, èyí tí ẹ lè tún rà. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ó gbé ti orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ojú méjèèjì láì fà á, ẹ wá rọra yí ti bàbá yín síwájú títí dé òpin, kí ẹ sì yí i padà, kí téèpù tí ó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú. Ní ìgbà àkọ́kọ́ gan-an tí yóò dún ni kí ẹ ti fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá yín. Kí ẹ kọ orúkọ Bàbá àti ọjọ́ ìgbéyàwó náà sí ara páálí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn ọmọ yín kò mọ ohùn yẹn. Bí ẹ kò bá ní ẹni tí yóò bá yín ṣe é, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá wa ṣètò ètò yìí ti ní òun yóò ṣe é ní ọ̀fẹ́. Kí ẹ bèèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọ lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a óò dáhùn lẹ́tà tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nípa ilé gbígbé nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú àjèjì. Ó dàárọ̀ o.